Díráìfù mẹ́rin fún fídíò wa l'Àkúrẹ́: iná ló yan ètò, kì í ṣe eré

Fídíò ayẹyẹ là ń ṣe: ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìwúyè, ọjọ́ ìbí. Ṣọ́ọ̀bù wa kò jìnnà sí Ọ̀nà Ọba Adésidà l'Àkúrẹ́. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi kan tó ti gba fírídọ́ọ̀mù la jọ ń ṣe ẹ́dìtì níbẹ̀. Dúrọ́ọ̀ wa ti kún fún díráìfù alágbèéká tí a lẹ orúkọ oníbàárà mọ́ lára. Bí ìyàwó kan bá pè lẹ́yìn oṣù méjì pé ibi tí màmá òun ti ń jó kò sí nínú fídíò, odidi ọ̀sán la fi ń wá a. Mo wá fẹ́ ibì kan ṣoṣo tí gbogbo fáìlì á máa gbé, tí àwa méjèèjì á lè máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó fi jẹ́ pé bí díráìfù kan bá kú, iṣẹ́ ò ní dúró.

Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń fi eré dá mi lóhùn: ra èyí, ó ń sáré tó báyìí. Kò sẹ́ni tó bi mí pé báwo ni iná ṣe ń ṣe ní àdúgbò wa. Ìbéèrè yẹn ló sì padà pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí.

1. Ìṣirò kí owó tó jáde

Kámẹ́rà wa ń ya 4K ní megabit 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi 8 pín in, ó di megabyte 12.5. Wákàtí kan jẹ́ 45 GB. Níbi ìgbéyàwó kan, kámẹ́rà àkọ́kọ́ máa ń ya bíi wákàtí 5, ìkejì bíi 3, dúróònù bíi 1. Wákàtí 9 ní 45 jẹ́ 405 GB. Ayẹyẹ mẹ́rin lóṣù jẹ́ 1.6 TB. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ oṣù mẹ́ta máa wà nítòsí, ìyẹn bíi 4.8 TB, kí àyè sì ṣẹ́ kù lórí rẹ̀.

Ẹ wá wo eré tí wọ́n ń sọ. Bí fídíò kámẹ́rà mẹ́ta bá ń sáré pọ̀ lójú ẹ́dìtì, 37.5 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Ẹni méjì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ jẹ́ 75. Wáyà gigabit lásán ń gbé bíi 110. Káàdì SD tí à ń lò, UHS-I ni, ìlànà ojú ọ̀nà tirẹ̀ kò sì kọjá 104 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí mo bá tiẹ̀ ra ohun tó ń sá 1,000, káàdì ò ní tú yára ju bó ṣe ń tú lọ. Níbẹ̀ ni owó SSD ńlá (díráìfù ayára tí kò ní ohun tó ń yí nínú) ti kúrò nínú ọ̀rọ̀. Háàdì díráìfù ẹyọ kan lè gbé 75 náà bó bá jẹ́ fáìlì kan ló ń kà. Fáìlì mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ló ń mú orí rẹ̀ fò káàkiri, ìdí nìyí tí díráìfù fi gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan lọ.

2. Àwọn ètò tó wà nílẹ̀

Àpótí USB oníhò mẹ́rin: kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń sìn, àwa sì jẹ́ méjì. NAS (àpótí díráìfù tí kọ̀ǹpútà púpọ̀ jọ ń lò lórí wáyà) tí wọ́n ti tò láti ilé iṣẹ́, irú ti Synology: ó dára, kò sì ní wàhálà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo béèrè, owó àpótí rẹ̀ lófìfo tó owó kọ̀ǹpútà tókunbọ̀ pẹ̀lú díráìfù díẹ̀. Mo yan kọ̀ǹpútà tókunbọ̀ tó ń lo Linux (ètò ọ̀fẹ́ tó dípò Windows), kí mdadm, irinṣẹ́ inú Linux, so díráìfù pọ̀.

Lórí bí a ó ṣe so wọ́n pọ̀, ọdún 1988 ni Patterson, Gibson àti Katz ti Yunifásítì California ní Berkeley ti gbé ìwé wọn jáde lórí RAID, ìyẹn síso díráìfù púpọ̀ pọ̀ bí ẹyọ kan. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí díráìfù kéékèèké olówó pọ́ọ́kú ṣe lè ṣe iṣẹ́ díráìfù ńlá ọlọ́wọ́n. Ọ̀rọ̀ tókunbọ̀ gan-an nìyẹn. Pẹ̀lú díráìfù mẹ́rin tó jẹ́ 4 TB níkọ̀ọ̀kan:

- RAID 0 fún wa ní 16 TB, ọ̀kan kú, gbogbo rẹ̀ lọ. Mi ò gbé e wò.
- RAID 5 fún wa ní 12 TB, ọ̀kan lè kú.
- RAID 6 fún wa ní 8 TB, èyíkéyìí méjì lè kú.
- RAID 10 fún wa ní 8 TB. Ọ̀kan lè kú. Ìkejì náà lè kú bí kì í bá ṣe ẹnìkejì rẹ̀ gan-an, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ ohun kan náà sí.

Lórí ìwé, RAID 5 ló wù mí, nítorí 12 ju 8 lọ. Ṣùgbọ́n RAID 5 àti 6 kì í tọ́jú ẹ̀dà fáìlì. Àbájáde ìṣirò ni wọ́n ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì, èyí tí wọ́n fi ń hú ohun tó sọnù jáde. Bí iná bá lọ lẹ́yìn tí wọ́n kọ fáìlì tán, kí wọ́n tó kọ ìṣirò rẹ̀, méjèèjì ò ní bá ara wọn mu mọ́. Bí díráìfù kan bá kú kí wọ́n tó tún ìṣirò yẹn ṣe, ìṣirò tó ti yẹ̀ yẹn ni wọ́n á fi hú nǹkan jáde. RAID 10 ní tirẹ̀ ń kọ ohun kan náà sí díráìfù méjì, ó parí. Mo ní kí n má fi ẹnu lásán pinnu, màá dán an wò (ẹ wo ìpele 6).

3. Ọjà

Iye tí mo san nìyí. Ọjà kì í dúró sójú kan, ẹ fi wá tiyín:

- Kọ̀ǹpútà tókunbọ̀ onídùúró, RAM 8 GB: ₦180,000
- Díráìfù 4 TB tókunbọ̀ láti inú server (kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́), márùn-ún (ọ̀kan jẹ́ ìpamọ́), ₦75,000 níkọ̀ọ̀kan: ₦375,000
- SSD 120 GB fún Linux fúnra rẹ̀: ₦20,000
- Switch gigabit oníhò márùn-ún (òun ló ń so wáyà àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀): ₦22,000
- UPS 1200VA (bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà fúngbà díẹ̀ bí iná bá lọ) tó ní ihò USB: ₦120,000
- Díráìfù alágbèéká 8 TB tuntun: ₦290,000
- Wáyà Cat6, ẹnu RJ45, wáyà SATA (tó ń so díráìfù mọ́ kọ̀ǹpútà), fáànù kan: ₦31,000

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,038,000.

Ẹ ka ihò SATA inú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó sanwó. Díráìfù mẹ́rin àti SSD nílò márùn-ún, ọ̀pọ̀ tókunbọ̀ kéékèèké ò sì ní ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Tiwa ní mẹ́fà, ṣùgbọ́n àyè díráìfù ńlá inú rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta péré, nítorí náà ìkẹrin wà níbi tí DVD wà tẹ́lẹ̀.

Ìkẹ́ja ni díráìfù ti wá, wọ́n wéébíìlì rẹ̀ ní páàkì. Ẹ ní kí wọ́n fi fóòmù wé e níkọ̀ọ̀kan, nítorí buutù mọ́tò kì í ṣe ibi ìrọ̀rùn fún díráìfù. Ẹ sì ṣọ́ra fún ohun méjì. Àkọ́kọ́, SAS. Àwọn díráìfù server kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó jọ SATA lójú, ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín ẹnu méjèèjì lára SATA kò sí lára tirẹ̀, kò sì ní wọ kọ̀ǹpútà lásán. Ìkejì, SMR. Lára díráìfù bẹ́ẹ̀, ìlà tí wọ́n ń kọ nǹkan sí gun ara wọn lórí, nítorí náà bí ẹ bá ń kọ ohun púpọ̀ sí i léraléra, á máa fà tìkọ̀. Ní ọdún 2020, Western Digital fẹnu ara wọn sọ pé àwọn kan nínú WD Red tí wọ́n ń tà fún NAS jẹ́ SMR. WD40EFAX wà nínú wọn, WD40EFRX kò sí níbẹ̀. Lẹ́tà kan péré ló yàtọ̀, ẹ má fi ojú fífò ka nọ́ńbà ara díráìfù.

4. Yíyẹ díráìfù tókunbọ̀ wò

Ẹni tó ta díráìfù á ní "ó mọ́ gaara". Ẹ jẹ́ kí díráìfù fúnra rẹ̀ sọ:

    smartctl -a /dev/sdb

Ìlà tí mo ń kà nínú gbogbo èyí tó tú jáde ni 5 (ibi tó ti bàjẹ́ tí wọ́n ti fi òmíràn rọ́pò), 197 (ibi tó ń ṣe ségesège), 198 (èyí tí kò ṣeé kà mọ́), 199 (àṣìṣe ojú wáyà) àti 9 (wákàtí tó ti lò nídìí iná). Ọdún kan jẹ́ wákàtí 8,760. Bí ẹ bá rí 43,800, ọdún márùn-ún ló ti fi yí láìdúró. Ìyẹn ò dẹ́rù bà mí tó ìlà 197 tí kì í ṣe òdo. Díráìfù server ti mọ́ iṣẹ́ lára. Èyí tó bá ti ń ṣe ségesège lójú kan kò tún ní sàn. Ìlà 197 ọ̀kan nínú márùn-ún tí wọ́n kó wá jẹ́ 16. Mo ya fọ́tò ojú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á, ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ bá wọn ṣàdéhùn ìpààrọ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Lẹ́yìn èyí, àyẹ̀wò gígùn:

    smartctl -t long /dev/sdb
    badblocks -b 4096 -t 0 -wsv /dev/sdb

Àṣẹ kejì yìí ń pa gbogbo ohun tó wà lórí díráìfù rẹ́, kí ẹ má lọ pe sdb sí ohun tó jẹ́ sda o. Bí ẹ bá yọ "-t 0" kúrò, ìgbà mẹ́rin ló máa kọ ọ́, ìgbà mẹ́rin ló sì máa kà á. Fún 4 TB, ìyẹn ju ọjọ́ méjì lọ, kò sì sẹ́ni tó ní iná ọjọ́ méjì gbáko níbí. Ìgbà kan ó tó.

Mo kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí téèpù funfun, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Orúkọ sdb, sdc lè yí padà bí kọ̀ǹpútà bá tún tàn, nọ́ńbà yìí kì í yí. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá kú, ẹ ò ní fẹ́ máa fi àròsọ yọ èyí tó yè.

5. Méjì tó kọ̀ láti yí

Méjì nínú wọn kò yí rárá: kò sí ariwo, kọ̀ǹpútà ò sì rí wọn. Wọn ò bàjẹ́. Àwọn díráìfù server kan ní ohun tí wọ́n ń pè ní Power Disable: bí iná 3.3V bá wọ ìrin kẹta níbi ẹnu iná SATA, díráìfù á sùn. Páwà páàkì kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ sì máa ń fi iná yẹn síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Wáyà tó ń yí Molex (ẹnu iná àtijọ́ inú kọ̀ǹpútà) padà sí SATA lè tán an, nítorí Molex kò ní 3.3V. Ọ̀pọ̀ irú wáyà bẹ́ẹ̀ tó wà lọ́jà ni wọ́n fi ike yíyọ́ mọ ẹnu rẹ̀, irú yẹn a máa gbaná. Mi ò fẹ́ kí fídíò òkú bàbá ẹnìkan jóná sínú àpótí. Téèpù rúsúrúsú tí àwọn atúnfóònùṣe fi ń dáàbò bo nǹkan lọ́wọ́ iná ni mo gbà lọ́wọ́ aládùúgbò wa. Mo gé e tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi bo ìrin mẹ́ta àkọ́kọ́ lójú ẹnu iná díráìfù náà. Ó yí. Owó tó ná mi kò ju "ẹ ṣeun" lọ.

6. Fífa iná yọ

Kí fáìlì ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́, mo fẹ́ rí ohun tí ètò kọ̀ọ̀kan máa ṣe bí iná bá lọ lójijì. RAID 5 ló kọ́kọ́ jẹ:

    mdadm --create /dev/md0 --level=5 --raid-devices=4 /dev/sd[bcde]

Nígbà tó tò tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da fáìlì ńlá sí i. Bó ṣe ń gbà á, mo yọ wáyà SATA kan (ti dátà ni o, kì í ṣe ti iná). Ó ń bá iṣẹ́ lọ, bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Mo wá fa wáyà kọ̀ǹpútà yọ lára ògiri. Ọmọ iṣẹ́ mi dìde.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ bà á jẹ́ ni?"

"Ohun tí mo fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn."

Nígbà tó tún tàn, RAID 5 kọ̀ láti ṣí. Ohun tó kọ sílẹ̀ ni: *cannot start dirty degraded array*. Ó ń sọ pé díráìfù kan kò sí, iná sì lọ nígbà tí òun ń kọ̀wé, nítorí náà òun ò lè búra pé ìṣirò òun tọ̀nà. Òótọ́ ló sọ. Ẹ lè fipá ṣí i pẹ̀lú "--assemble --force". Mo fipá ṣí i, fáìlì àtijọ́ sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara yín lẹ fi ṣe é, kò sì sí ẹni tó máa dúró fún yín lórí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo tú u palẹ̀, mo to RAID 10, mo fìyà kan náà jẹ ẹ́: wáyà díráìfù kan, lẹ́yìn náà wáyà ògiri. Ó tàn, ó ṣí, ó ní díráìfù kan kò sí. Fáìlì tó ń wọlé lọ́wọ́ gé kúrú, ìyẹn ò ṣeé yẹra fún nínú ètò èyíkéyìí. Káàdì kámẹ́rà ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ tún un dà. Mo dá wáyà padà, mo ní:

    mdadm /dev/md0 --re-add /dev/sdd

Kò tún gbogbo 4 TB kọ. mdadm ní ìwé ìrántí kékeré kan tó ń pè ní bitmap, ibi tó yí padà nígbà tí díráìfù kò sí nìkan ló tún kọ, kò sì pẹ́ tó fi parí. Fún àkójọ tó tóbi báyìí, mdadm fúnra rẹ̀ ló ń fi bitmap sí i. Ẹ fi "cat /proc/mdstat" wò ó bóyá ó wà.

Bí RAID 10 ṣe wọlé nìyẹn. Mo fi 4 TB du ara mi, mi ò sì kábàámọ̀. RAID 6 náà jẹ́ 8 TB, ó sì lè rù ú bí méjì èyíkéyìí bá kú, ẹni tí iná rẹ̀ bá dúró lè yàn án. Tiwa kì í dúró.

Mo fi XFS (ètò tó ń to fáìlì) sórí rẹ̀, mo fi Samba pín in fún kọ̀ǹpútà wa méjèèjì. Windows pè é ní 7.27 TB, kò sẹ́ni tó jí ìyókù: ilé iṣẹ́ ń fi 1,000 kà, Windows ń fi 1,024 kà.

7. Megabyte 11

Fáìlì àkọ́kọ́ tí a dà sí i gba ojú wáyà ní 11 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ iṣẹ́ mi ti ń wo díráìfù tókunbọ̀ níwò burúkú. Nọ́ńbà yẹn gan-an ló tú àṣírí: megabit 100 tí a fi 8 pín kò ju 12.5 lọ, nítorí náà ojú ọ̀nà la gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Ihò ara ráútà íntánẹ́ẹ̀tì wa jẹ́ 100. Mo gbé kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sórí switch, ráútà sì di àlejò lórí ihò kan. Méjì yára, ìkẹta ṣì wà ní 11. Wáyà tirẹ̀ ni ẹni tó fi ẹnu sí i nígbà kan so ìrin mẹ́rin péré nínú mẹ́jọ. Mẹ́rin tó fún 100, gigabit ń fẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Mo gé ẹnu rẹ̀, mo fi òmíràn sí i. Gbogbo wọn ń gbé 108 sí 112 báyìí.

8. Ínfátà àti UPS

Ínfátà wa jẹ́ pure sine wave pẹ̀lú bátìrì 220Ah kan. Bí iná bá lọ, iná gílóòbù kì í ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tuntun yìí máa ń kú nígbà míì kó tún tàn. Páwà páàkì kan lè di èémí rẹ̀ mú fún bíi mìlísẹ́kọ́ńdì 16 tí iná bá já; ínfátà wa, bí wọ́n ṣe tò ó fún wa, ń gba bíi 20 kó tó gbé iná. Nínú ètò rẹ̀ ni ibi tí wọ́n kọ APL (ti ohun èlò ilé lásán) àti UPS (ti kọ̀ǹpútà) sí. Mo yí i sí UPS, ó wá ń gbé e láàárín bíi 10, kíkú-títàn sì dópin. Ẹ lọ wo tiyín lónìí kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Mo ṣì ra UPS nítorí ọjọ́ tí bátìrì ínfátà bá tán lóru. Okùn USB rẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà. NUT, ètò ọ̀fẹ́ kan lórí Linux, ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń pa gbogbo nǹkan bó ṣe yẹ kí UPS tó gbẹ. UPS tí kò ní ihò USB kò lè ṣe èyí.

9. Ẹ̀dà tó wà níta

Bí ẹnikẹ́ni bá pa fódà rẹ́, RAID 10 á pa á rẹ́ lórí díráìfù méjèèjì láìjáfara. Olè kò sì ní mú díráìfù kan kó fi èkejì sílẹ̀. Peter Krogh, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ló sọ òfin 3-2-1 di ohun tí àwọn oníṣẹ́ wa mọ̀: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan má gbé inú ilé kan náà. Tiwa kò pé bẹ́ẹ̀. Díráìfù 8 TB yẹn ń gba ẹ̀dà pẹ̀lú àṣẹ "rsync -a" láìsí "--delete", kí ohun tí wọ́n pa rẹ́ nítorí ìkánjú má bàa kúrò níbẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà, mo máa ń gbé e lọ sílé ní Ìjàpọ̀. A kò sì gbọ́dọ̀ pa ohun inú káàdì kámẹ́rà rẹ́ títí ẹ̀dà yẹn á fi wà.

Mo ro íntánẹ́ẹ̀tì wò. 405 GB lórí ojú ọ̀nà megabit 10 jẹ́ wákàtí 90, kí a má tíì sọ ti owó dátà. Fáìlì ètò ẹ́dìtì nìkan là ń rán sókè, wọn ò wúwo.

10. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ báyìí, àti bí ọ̀kan bá kú

Lórí kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀, ó ń kọ bíi 310 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fáànù iwájú mú ooru díráìfù dúró láàárín 38 sí 43 ní ìwọ̀n Celsius. Kí n tó fi í sí i, èyí tó wà nípò DVD ti ń sún mọ́ 50. Lásìkò ọyẹ́, eruku á dí iwájú rẹ̀, a ní láti máa fẹ́ ẹ.

Mo tẹ àṣẹ ìpààrọ̀ sórí ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí, kí ọmọ iṣẹ́ mi lè ṣe é bí mi ò bá sí nílé. Nọ́ńbà ara díráìfù la fi ń wá a, a kì í wá a ní sdc:

    ls -l /dev/disk/by-id
    mdadm /dev/md0 --fail /dev/sdX --remove /dev/sdX
    mdadm /dev/md0 --add /dev/sdY

Mo ti dán an wò pẹ̀lú díráìfù ìpamọ́. Ẹnìkejì rẹ̀ nìkan ni RAID 10 ń kà láti fi kún un, 4 TB ní bíi 150 MB gba wákàtí méje ààbọ̀. Gbogbo àpótí ń jẹ iná bíi 80W, ìyẹn 600 watt-wákàtí, bátìrì 220Ah wa sì lè gbé e bí a bá pa fáànù òkè àti tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù. Bí ọ̀kan bá kú ní alẹ́ Jímọ̀, tí a fi ìpamọ́ sí i ní agogo mẹ́wàá, díráìfù á ti pé mẹ́rin padà kí a tó gbé kámẹ́rà jáde lọ síbi ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé.